Fèrèsé Tí Bàbá Ọkọ Mi Mọ Bíríkì Dí

Ìlú Mercedes,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi Mirta, ẹni tó tọ́ mi bí ìyá,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàgbọ́ pé òtútù ti kẹ́rù rẹ̀ kúrò ní Montevideo níkẹyìn, pé ikọ́ tí ẹ sọ nínú lẹ́tà yín tó kọjá ti bá a lọ, àti pé ẹ ti ń rí oorun sùn dáadáa. Tí ẹ bá ń béèrè wa, ara èmi àti Wilmar le koko. Ara ni mo sọ o, n kò sọ inú. Inú ń bí mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń bí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí dípò kí n dúró di ìgbà tí ẹ máa wá kí wa lọ́dún Kérésìmesì. Tí n kò bá rò ó fún ẹni tó jẹ́ tèmi, ọkàn mi ò ní balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ẹ rántí pé nígbà tí a ṣègbéyàwó, bàbá Wilmar, Don Aníbal, fún wa ní ìdajì ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ìdajì kejì jẹ́ ti àbúrò rẹ̀, Bàbá Ovidio, tí wọn ò fẹ́yàwó rí, tí wọ́n ń dá gbé níbẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná wa gan-an ni àgbàlá Bàbá Ovidio ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Wilmar. Mo bi Wilmar nígbà kan pé kí ló fa ìjà wọn, ó ní òun ò mọ̀, pé wọn kì í dárúkọ Bàbá Ovidio nílé àwọn, bíi pé ibi ògiri yẹn layé parí sí.

Ẹ máa rí i pé "ó" ni mò ń pe bàbá ọkọ mi nínú ìwé yìí, n kò pè é ní "wọ́n". Ẹ má bá mi wí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, màá sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi nìyí, ìbínú ni mo sì fi ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n rí ibì kan sinmi.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ràn wá lọ́wọ́. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ṣe bíríkìlà, ohun tí a sì bá níbẹ̀ kì í ṣe ilé rárá. Ibẹ̀ ló ń kó irinṣẹ́ sí láti ọdún gbọ́nhan, òrùlé ń jò, pákó ilẹ̀ ti jẹrà, òórùn eku ló gba gbogbo yàrá. Jálẹ̀ ìgbà òtútù, bí mo bá ti ti iléèwé dé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tí mò ń kọ́, tí Wilmar náà ti ti ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun dé, a ó wọ àkísà, a ó mú ṣọ́bìrì. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì báyìí. Mo ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára àwọn ilẹ̀kùn títí awọ fi bó lọ́wọ́ mi. Bàbá ọkọ mi ló bá wa to òrùlé, òun ló lẹ táìlì ilé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fi ọwọ́ kan tún un ṣe ló ń fi ọwọ́ kejì gbà á lọ́wọ́ wa. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lápò rẹ̀, kì í kan ilẹ̀kùn. A ó jí, a ó bá a nínú ilé tó ń wọn ògiri. Mo ní kó bá mi kan pákó tí mo fẹ́ máa to nǹkan ọbẹ̀ sí síbi tí ọwọ́ mi máa tó, ó kàn án síbi tí ọwọ́ tirẹ̀ tó, tí mo fi ń gun àga kí n tó mú iyọ̀. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, bó ṣe ga yẹn, eku ò lè dé ibẹ̀." Èmi náà ò lè dé ibẹ̀.

Ilé ìdáná yẹn ló wá dùn mí jù. Kò ní fèrèsé kankan. Lọ́sàn-án gangan, àfi ká tan iná ká tó rí ohun tó wà nínú ìkòkò. Mo sọ fún Wilmar pé mo fẹ́ fèrèsé lára ògiri ẹ̀yìn. Ó wò mí bíi pé mo ní ká lu ihò sára ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọ̀dọ̀ Bàbá Ovidio ni yóò kọjú sí. Mo ní ṣé Bàbá Ovidio máa ń gé èèyàn jẹ ni? Mo nu ọwọ́ mi, mo yí igun ilé, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Bàbá gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ṣí i. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tún ṣe, dúdú òróró rẹ̀ ò sì tíì kúrò ní èékánná wọn. Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Wọ́n ní, "Ìwọ lo máa ń kọrin bó o bá ń fọ abọ́?" Ojú tì mí, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní, "Ta ló ń bínú? Lu fèrèsé rẹ. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, mi ò gbọ́ orin láti ẹ̀gbẹ́ yẹn mọ́."

Bàbá ọkọ mi ò sí nílé lásìkò náà. Ó lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Fray Bentos. Wilmar àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ lu ògiri, káfíńtà bá wa ṣe férémù, mo rán kọ́tìnnì aláwọ̀ ìyeyè sí i. Nígbà tí bàbá ọkọ mi dé, ó wọlé, ó rí i. Ó dúró mu tíì máté rẹ̀ tán, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ó sì lọ. Mo rò pé ó fara mọ́ ọn ni. Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀.

Àkókò yẹn ni ìgbà ìrúwé wọlé. Igi ọsàn ńlá kan wà lágbàlá Bàbá Ovidio, ìyá wọn ló gbìn ín, gbogbo rẹ̀ sì yọ òdòdó funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá ṣí fèrèsé láàárọ̀, òórùn rẹ̀ á wọlé ṣáájú ìmọ́lẹ̀. Bàbá Ovidio á na ọsàn sí mi láti ìta, èmi á na torta frita, ìyẹ̀fun tí mo dín lóróró, sí wọn láti inú ilé. Bí wọ́n bá rí i pé èmi nìkan ni mo wà, wọ́n á béèrè ohun tí mo ń sè, wọ́n á ní ìyá àwọn máa ń fi ata sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi àti Wilmar wá pinnu pé iṣẹ́ ilé gbọ́dọ̀ máa parí lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Àìkú jẹ́ tiwa. A ó di apẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, omi gbígbóná nínú fúláàsì, a ó gba etí odò lọ. Nígbà mìíràn a ó háyà ọkọ̀ wíwà kékeré, Wilmar á sì máa wà á yípo lójú kan náà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, àwọn tó ń pẹja á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tí ìyá wa ti kú n kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ọkọ mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ti rí apẹ̀rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́, á dé pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú náà, á dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ilé ò tíì parí, ẹ ń lọ ṣeré?" Wilmar á máa wo ilẹ̀. Èmi ni màá ní, "Bàbá, ilé ń dúró, òdòdó ò ní dúró dè wá." Ó ní àwọn olùkọ́ mọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù yìí, kò wá. Ẹnu yà wá, inú wa sì dùn. A gun kẹ̀kẹ́ jìnnà, a jókòó sábẹ́ igi létí omi, a jẹun, a sùn, Wilmar já sínú odò pẹ̀lú bàtà rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ fi hàn mí pé òun lè fo láti orí òkúta kan sí èkejì. A ń kọrin bọ̀ wálé. Oòrùn ò tíì wọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, inú rẹ̀ dúdú. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló fa kọ́tìnnì. Mo na ọwọ́ síbẹ̀, ògiri ni mo bà.

Ó ti mọ bíríkì dí i. Kì í ṣe pé ó mọ ọ́n ṣákálá o, ó rẹ́ ẹ, ó sì kùn ún lọ́dà funfun, tí ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé fèrèsé ò sí níbẹ̀ láyé. Ó to férémù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ó ká kọ́tìnnì mi sórí tábìlì bí ìgbà tí wọ́n bá ká aṣọ òkú fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ó sì ra gílóòbù tuntun, èyí tó mọ́lẹ̀ jù lọ lọ́jà, ó fi í sókè. Gílóòbù yẹn ló mú mi bínú ju bíríkì lọ. Ó wọ ilé mi nígbà tí n kò sí níbẹ̀, ó gba oòrùn lọ́wọ́ mi, ó sì fi gílóòbù rọ́pò rẹ̀.

N kò sunkún. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wilmar sún mọ́ ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Iṣẹ́ yìí mọ́ o." Ẹ̀gbọ́n mi, mo wo ọkùnrin tí mo fẹ́. Mo jáde, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ bá bàbá rẹ̀ nílé pẹ̀lú iyanrìn odò lẹ́sẹ̀ mi.

Ó jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń wo òpópónà. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Kí ló dé tí ẹ dí fèrèsé mi?" Ó ní atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo ní torí atẹ́gùn la ṣe ṣe é. Ó ní gílóòbù tí òun fi síbẹ̀ mọ́lẹ̀ ju fèrèsé lọ. Mo ní n kò tọrọ gílóòbù. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Mi ò ní jẹ́ kí ọkùnrin yẹn máa wo inú ilé mi." Mo ní, "Ilé ta ni, Bàbá?" Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá ọkọ mi, Doña Teresita, ló sìn mí dé ẹnu géètì, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ohun tí Wilmar pàápàá ò mọ̀. Wọ́n ní lọ́dún tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà, ìyá Aníbal àti Ovidio, ṣàìsàn jálẹ̀ ìgbà òtútù. Nígbà tí ara wọn yá díẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló wù wọ́n, kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn kọjá sí erékùṣù tó wà láàárín odò lọ́jọ́ Àìkú ìgbà ìrúwé kan, kí wọ́n jókòó sí etí omi. Ovidio ló wá ọkọ̀, òun ló tẹ́ tìmùtìmù sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ó sì fi í lé Aníbal lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá àgbà wọ aṣọ búlúù wọn, wọ́n dé fìlà, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí itan. Aníbal lọ gbé ọkọ̀. Àmọ́ ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ọkọ̀ náà han ọmọbìnrin kan tó ń dẹnu kọ. Ọmọbìnrin náà wọlé sínú ọkọ̀, odò dùn, wọn ò padà títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ìyá ọkọ mi di irin géètì mú. Wọ́n ní, "Yanina, ọmọ mi, èmi ni ọmọbìnrin yẹn. Kò sọ fún mi pé ẹnì kan ń dúró." Wọ́n ní ìyá àgbà ò bínú. Wọ́n kàn ní oòrùn ọjọ́ náà ti mú jù fún irú àwọn. Kí ọdún tó yí, wọ́n kú. Níbi ìsìnkú, Ovidio sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé kó má bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láyé, ìyẹn náà sì gbà bẹ́ẹ̀, kò fìgbà kan sọ pé òun ṣẹ̀.

Ìgbà tí mò ń padà lọ sílé ni mo wá sunkún, fún ìyá àgbà tí n kò mọ̀ rí, pẹ̀lú fìlà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí n tó dé igun àdúgbò wa, ìbínú mi ti padà dé, ó sì ti mú èkejì rẹ̀ dání. Ẹ wò ó. Ọkùnrin kan fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣeré, ojú ń tì í, kò fẹ́ rí ẹni tó mọ̀, torí náà kí èmi máa dáná nínú òkùnkùn? Ẹni tí kò gbé ìyá rẹ̀ lọ sódò ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbélé?

Mo rò ó fún Wilmar. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá mi ni. Kí ni kí n ṣe?" Mo ní kó máa rò ó, pé títí tó fi máa rò ó tán, n kò ní dáná nínú ihò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, búrẹ́dì àti wàràkàṣì la ń jẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí ìdúró, bí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. A ò jà. Ìbá sàn ká jà.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, tí gbogbo àdúgbò ń sùn, mo wọ ẹ̀wù funfun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, mo mú òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri. N kò mọ̀ ọ́n lù. Mo lu àtàǹpàkò mi, mo tún lù ú. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Ovidio láti ẹ̀yìn ògiri: "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Èmi ni." Wọ́n ní, "Má lu àárín. Lu ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì tuntun ti pàdé ti àtijọ́." Mo lu ẹ̀gbẹ́. Kò pẹ́ tí Wilmar fi dúró lẹ́yìn mi. Ó na ọwọ́ gba òòlù, mo rò pé ó fẹ́ gbé e pamọ́ ni, mo sì ti ń múra ohun tí màá sọ. Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì lù ú, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó lù ú bíi pé ọjọ́ pẹ́ tó ti fẹ́ lu nǹkan. Nígbà tí bíríkì àkọ́kọ́ já sí òdìkejì, oòrùn gba ibẹ̀ wọlé, eruku ń jó nínú rẹ̀, Bàbá Ovidio sì ń yọjú pẹ̀lú ọsàn méjì lọ́wọ́.

Wilmar wẹ ọwọ́, ó jáde láìsọ ibi tó ń lọ. Ìgbà tó dé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kan sórí tábìlì. Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn." Lẹ́yìn náà ó mu omi ife méjì láìdá ẹnu dúró, ó lọ dùbúlẹ̀. Mo dáná lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sè é dáadáa.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, n kì bá ti kọ ìwé yìí rárá. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

A ń múra àtilọ sódò ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá ọkọ mi ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ó wọlé, ó fa àga, ó kẹ̀yìn rẹ̀ sí fèrèsé, ó jókòó. Wilmar fi ahá máté sí i lọ́wọ́. Lásìkò yẹn, Bàbá Ovidio wà lórí àkàbà lágbàlá wọn, wọ́n ń fi ayùn gé ẹ̀ka igi ọsàn tó ti gbẹ, ó sì sún mọ́ wa débi pé eruku ayùn ń bà sórí fèrèsé. Bàbá ọkọ mi fetí sí ayùn yẹn títí. Ó wá ní, "Ìyàwó wa, sọ fún ọkùnrin yẹn pé bí ẹ̀ka yẹn bá já, orí òrùlé yín ló ń bọ̀."

Kí n tó yíjú, Bàbá Ovidio ti fèsì láti orí àkàbà: "Ìyàwó wa, sọ fún ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé mo ti ń gé ẹ̀ka kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì."

"Sọ fún un pé fèrèsé yín wọ́."

"Sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló lu ihò náà, kó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó kọ́ ọ."

"Sọ fún un pé ó ti di arúgbó tó ń gun àkàbà láìsí ẹni tó dì í mú."

"Bi í pé láti ọjọ́ wo ló ti ń bá mi dì í mú?"

Bí wọ́n ṣe ń fi mí ṣe tẹlifóònù nìyẹn, nínú ilé mi, níwájú apẹ̀rẹ̀ tí mo ti dì. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí mò ń kọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá ọkọ mi gbé ahá máté kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bi í bóyá igi yẹn ṣì ń so dáadáa." Ayùn dúró. Àwọn méjèèjì ń retí mi, ọ̀kan lórí àga, ọ̀kan lórí àkàbà, bíi pé láìsí èmi kò sí ọ̀nà.

Mo gbé kẹ́tù kalẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun. Etí yín ò di, ẹnu yín ò kú. Èmi àti ọkọ mi ń lọ ṣeré wa. Ẹ bá ara yín sọ ọ́." Mo mú apẹ̀rẹ̀, mo fa Wilmar lọ́wọ́, a jáde.

N kò gbádùn odò náà lánàá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Wilmar ń bẹ̀rù pé wọ́n á pa ara wọn, ó fẹ́ ká padà, mo kọ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ kan kọjá níwájú wa, àwọn ọmọ méjì ló ń wà á, ìyá arúgbó kan jókòó sí àárín rẹ̀, ó dé fìlà, ó fi ọwọ́ kan omi. Wilmar wò ó títí ó fi yí kọ́nà lọ. Láti ìgbà náà, kò béèrè mọ́ pé ká máa lọ sílé.

Nígbà tí a dé, ẹnu géètì ni mo ti rí eruku. Mo sáré wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi, fèrèsé mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti wó ògiri láti ìsàlẹ̀ fèrèsé dé ilẹ̀. Ihò tó tó ẹnu ọ̀nà ló wà níbẹ̀, mo sì ń rí gbogbo àgbàlá Bàbá Ovidio dé ìdí igi. Kọ́bọ́ọ̀dù mi wà nínú yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ́tìnnì mi ni wọ́n fi ń nu irinṣẹ́. Empanada ẹlẹ́ran tí mo yan pamọ́ fún oúnjẹ alẹ́, abọ́ rẹ̀ ni mo bá. Àwọn bàbá méjèèjì funfun bí ẹni tó já sínú ìyẹ̀fun, wọ́n jókòó sórí bíríkì mi, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ń jiyàn. Bàbá ọkọ mi ní inú ni ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ máa ṣí sí. Bàbá Ovidio ní ìta ni, pé inú á gba àyè. "Aníbal, o ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ." "Mo gbọ́, Ovidio, kò kàn bọ́gbọ́n mu ni." Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni bá àwọn sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, fèrèsé yẹn ti kéré jù. A ti bá ọ ṣe é." Mo ní, "Ta ló fún yín láṣẹ?" Wọ́n wo ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe máa ń wo ara wọn bí gíláàsì bá fọ́. Bàbá Ovidio ní, "Àwa méjèèjì la jọ fọwọ́ sí i."

Ẹ bá mi dá a. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọkọ mi, wọn ò fẹnu kò lórí ohunkóhun, wọn ò fẹnu kò lórí ẹni tó máa ra òdòdó fún sàréè ìyá wọn pàápàá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fẹnu kò lé lórí, ògiri tèmi ni, wọn ò sì bi mí. Mo sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ gbogbo èyí tí mo ti ń gbé mì láti ìgbà òtútù. Mo ní ilé ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń fi bíríkì bá ara wọn jà, tí wọ́n sì tún ń fi bíríkì bẹ ara wọn. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ tọrọ àforíjì, kí wọ́n fi ẹnu tọrọ rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n dorí kodò. Mo fún ọ̀kan ní ìgbálẹ̀, mo fún èkejì ní péèlì, Wilmar sì gba ṣọ́bìrì kí n tó yíjú sí i. Wọ́n gbá a mọ́. Mo ní ilẹ̀kùn náà á máa ṣí sínú, kì í ṣe nítorí pé bàbá ọkọ mi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi ló wù ni. Bàbá Ovidio fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá ọkọ mi ní, "Ovidio, dákẹ́."

Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nígbà tí a wà lódò, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Ojú àwọn méjèèjì pọ́n. Mo bi Bàbá Ovidio léèrè, wọ́n ní eruku ni. Mo bi bàbá ọkọ mi, ó ní sìmẹ́ǹtì ni àwọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo fi ilé mi, oúnjẹ mi àti kọ́tìnnì mi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, n kò lẹ́tọ̀ọ́ àtigbọ́ ọ. Ìyẹn náà ń bí mi nínú.

Lọ́sàn-án òní, ìyá ọkọ mi wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n dúró sẹ́nu ihò náà pẹ́. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kọjá, wọ́n lọ dúró sábẹ́ igi ọsàn láìgbé ọwọ́ sókè láti já nǹkan kan. N kò tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ bá wọn pọn omi díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti dọ̀tí.

Ní báyìí tí mò ń kọ èyí, kò tíì sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ bébà mi, àwọn adìẹ Bàbá Ovidio sì ti rí ọ̀nà. Ọ̀kan wà lábẹ́ tábìlì, nídìí ẹsẹ̀ mi. Mo ti lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá ń fèsì, ẹ kọ ìwé lọ́tọ̀ sí bàbá ọkọ mi, kí ẹ sọ fún un pé èmi náà ní ẹbí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Wọ́n ti dàgbà jù fún líle tó pọ̀, àwọn méjèèjì.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín, kó fún àwọn ọmọ ní ọpọlọ àti ara líle, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìmọ́lẹ̀ lójú yín, kó sì gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa láìséwu lóṣù Kejìlá. Wilmar ní kí n kí yín, ó ní kí n má kọ ohun tó sọ nípa iṣẹ́ tó mọ́. Mo ti kọ ọ́.

Èmi ni àbúrò yín, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn yín,
Yanina.

Mo tún rántí: káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí, ọ̀la ni yóò gbé ilẹ̀kùn wá. Ó béèrè ẹ̀gbẹ́ tí òun máa fi irin ìdábùú tí a ó máa fi ti ilẹ̀kùn sí. Kí àwọn bàbá méjèèjì tó dúró tì wá tó la ẹnu, mo ti fi ìka hàn án. Ẹ̀gbẹ́ tèmi ló máa wà.